Edoh Ekoué àti Sáfà Tó Ń Kú Lọ́jọ́ Ẹtì

Ọjọ́ tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ oní-fámásì kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní Tokoin ni Edoh Ekoué pa sáfà, ẹ̀rọ tó ń dán iṣẹ́ gbogbo ilé náà wò, lójú àlejò. Nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé rẹ̀, èyí ni àwọn èèyàn ń sọ jù, títí kan àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ìbéèrè kan ló fà á. Bàbá Amegee ni olórí àwọn àlejò náà. Ó ti ń ta oògùn ní Lomé kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà nínú yàrá yẹn tó dáyé. Ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ tọ́ka sí gílóòbù kékeré kan lára ògiri. Wọ́n ti ṣàlàyé fún un pé bí sáfà bá wà láàyè tí iṣẹ́ sì ń lọ dáadáa, gílóòbù á tan àwọ̀ ewé. Bí ẹnikẹ́ni bá ba nǹkan jẹ́, á pọ́n. Bàbá ní òun ti gbọ́ gbogbo ìyẹn. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni pé, bí sáfà yìí bá kú ńkọ́?

Ayélé, ọ̀gá ilé iṣẹ́, ti la ẹnu láti sọ pé kì í kú. Edoh jókòó sẹ́yìn, ó ń jẹ koliko, iṣu díndín pẹ̀lú ata nínú ìwé. Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan tí kò gùn. Gílóòbù kú.

"Ó ti kú," ni Edoh wí. Ó padà sídìí koliko rẹ̀.

Ayélé fi ohùn jẹ́jẹ́ tí èèyàn ń lò níwájú àlejò bi í pé kí ló ṣe.

"Bàbá béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bó bá kú. Mi ò fẹ́ràn kí n máa fi ẹnu dá àgbà lóhùn."

Àlejò kan ń wo gílóòbù, èkejì ń wo ilẹ̀kùn. Edoh mú iṣu tó kù, ó fi nu ata inú ìwé náà títí ìwé fi gbẹ. Bó ṣe ń gbé e sẹ́nu ni gílóòbù tàn, àwọ̀ ewé.

"Ọjọ́ wo la wà lónìí?" ó béèrè.

Wọ́n ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

"Komla nìyẹn, ọmọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ kí i káàbọ̀."

Bàbá Amegee dìde, ó tilẹ̀ lọ bá a, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó wá fi ohùn ìsàlẹ̀ tí gbogbo yàrá gbọ́ béèrè bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe fún àna òun. Ó ní apá àkọ́kọ́ nìkan ti tó.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ náà gbà láti bá wọn ṣiṣẹ́. Ohun tí àlejò kò rí ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lọ.

Sáfà kì í dá ṣiṣẹ́. Ó ní àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń rán níṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń pè kí wọ́n tó rí i. Ní ibòmíràn, ẹnu kì í pọ̀ lórí èyí: wọ́n á fún sáfà lórúkọ kan, á sì máa jẹ́ ẹ títí. Ṣùgbọ́n Edoh gbà pé ohunkóhun tí wọ́n bá bí ní Lomé gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ọjọ́ Ẹtì ni Edoh máa ń wó sáfà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti dán an wò, ọjọ́ Ẹtì náà ló máa ń gbé òmíràn dìde, nítorí náà Kofi ló ń jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké kò sì mọ orúkọ mìíràn. Ní gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Komla jókòó, ó tan àwọ̀ ewé, kò ṣe nǹkan kan, àwọn ẹ̀rọ kéékèèké sì ń pe Kofi, Kofi, bí ìyá tó ń wá ọmọ tó sá lọ wo bọ́ọ̀lù.

Kayissan ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó jáde ní yunifásítì nígbà náà, abẹ́ Edoh ló sì ti ń kọ́ṣẹ́. Bí gbogbo ọ́fíìsì ṣe ń pe Edoh ní Fofo, bí ìgbà tí èèyàn bá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lòun náà ń pè é.

"Fofo, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Kofi. Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?"

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àmọ́…"

"Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, o wá fẹ́ kí n pè é ní Kofi. Ìwọ gan-an, Kayi, tí bàbá rẹ bá ṣe irú ẹ̀ sí ọ, ṣé wàá dáhùn?"

"Fofo, sáfà ni."

"Ìdí tó fi dákẹ́ nìyẹn. Kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè."

Kayissan kì í bá a jiyàn pẹ́. Ó lọ sùn lé e lórí. Ní ọjọ́ kejì ó sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kí sáfà máa dáhùn sí orúkọ méjì, ti ọjọ́ àti ti ilé. Ti ọjọ́ á máa yí padà bó bá ṣe wu ọjọ́, ti ilé kò ní yí, òun sì ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké á máa pè. Ó ní kò sí ọmọ gidi tí kò ní orúkọ ilé.

Edoh ronú sí i. Ó jọ pé ó ń wá ibi tí àbùkù wà, kò rí i.

"Orúkọ ilé ta ni?"

"Ti ẹni tó bí i."

Ó yí ojú sí fèrèsé. Ó ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ fún Enyonam nílé. Kò dáa kó gbọ́ níta pé mo bímọ sí ọ́fíìsì."

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ lóòótọ́, bó sì ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn, kò fi àlàyé kún un. Enyonam kò bá a jà. Ó wọ aṣọ tó dáa, ó gun ọ̀kadà dé Tokoin ní àárọ̀, ó ní òun wá wo ọmọ ọkọ òun. Wọ́n fi gílóòbù hàn án. Àsìkò yẹn gan-an ni Tété, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ ètò, ba nǹkan jẹ́ níbi tó jókòó sí, gílóòbù sì pọ́n. Obìnrin náà wò ó.

"Òun ló bí i," ó wí. "Bí ata bá ti kéré lọ́bẹ̀, bí ojú ẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ yòówù kí wọ́n bí i, Ekoué ni sáfà ń jẹ́ nílé. Edoh tún gílóòbù ṣe pẹ̀lú. Kì í tan àwọ̀ ewé mọ́ kí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó pe Ekoué kí ó sì dá wọn lóhùn. Títí dìgbà yẹn, pupa ni.

Edoh ti kú báyìí. Àyà ló dùn ún ní ìparí òjò, kò sì pẹ́ lórí ìdùbúlẹ̀. Aného, níbi tí wọ́n bí i sí, ni wọ́n sin ín sí. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹ́ oní-fámásì ránṣẹ́ pé àdéhùn àwọn ti fẹ́ parí, àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì láti wo ọwọ́ tí iṣẹ́ bọ́ sí kí àwọn tó tún un ṣe. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí Bàbá Amegee máa béèrè. Kayissan ló jókòó sórí àga Edoh, òun ló sì máa dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́kàn rẹ̀ ju àdéhùn lọ. Kofi kan ni sáfà tó wà níbẹ̀, èyí tí Edoh fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé dìde kẹ́yìn. Láti ìgbà tí Edoh ti kú, kò sẹ́ni tó tíì wó o.

Wíwó náà ní ìtàn tirẹ̀. Kí Edoh tó débẹ̀, sáfà kan wà tí kò kú rí. Ilé iṣẹ́ náà ń kọ ètò tó ń sọ fún ará ìlú fámásì tó ṣí sílẹ̀ àti èyí tó ní oògùn tí wọ́n ń wá. Iṣẹ́ sáfà ni láti kó ohun tí gbogbo wọn bá kọ pọ̀, kó dán an wò, kó sì dá èyí tó lábùkù padà kó tó dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Bí kò bá sí i, ẹni tó ń wá oògùn fún ọmọ lè rìn dé iwájú ilẹ̀kùn tó tì. Sáfà àtijọ́ yẹn ti pẹ́ débi pé wọ́n ń bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń gbálẹ̀ máa ń gbá yí i ká. Ẹni tó tò ó ti kó lọ sí Kánádà. Lọ́jọ́ tí iná mànàmáná lọ tó sì padà dé pẹ̀lú agbára jù, sáfà kú, kò sì sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe tò ó. Nígbà tí wọ́n gba Edoh síṣẹ́ láti tò ó, ó tò ó tán, ó ní òun kò ní dúró kí ikú wá sọ fún òun bóyá òun mọ̀ ọ́n tò. Òun fúnra òun á máa pa á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kọntéénà ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Yàrá ni, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ́ sínú kọ̀ǹpútà, tó ní gbogbo ohun tí sáfà nílò nínú, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì tì. Wọ́n lè wó o nígbàkigbà kí wọ́n kọ́ òmíràn tó bá a dọ́gba. Àkọ́kọ́ tí Edoh wó, ó fọ́nnu lé e lórí láti àárọ̀. Yàrá tuntun dìde kíákíá, sáfà inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo wọn léèrè pé ta ni wọ́n, kí ni wọ́n ń wá. Inú yàrá tí Edoh wó ló tọ́jú gbogbo ohun tí sáfà mọ̀ sí.

Ayélé béèrè bí nǹkan ṣe rí.

"Ara rẹ̀ le koko," ni Edoh wí. "Ọgbọ́n ló kù."

Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi dá ọgbọ́n náà padà. Láti ìgbà náà, ìta yàrá ni ìrántí sáfà ń gbé, níbì kan tó sọ lórúkọ Ilé Ìyá. Ó ń wó yàrá, kì í fọwọ́ kan Ilé Ìyá, ọmọ tuntun á sì lọ kó ẹrù rẹ̀ níbẹ̀ bó bá ti dé.

Kayissan bi í nígbà kan pé ṣé ọkùnrin nìkan ló lè jẹ́ ni, kí ló dé tí kò jẹ́ Afi rí, orúkọ obìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ẹtì. Edoh ní òun ti rò ó. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ ládùúgbò pé òun ń pa obìnrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n máa ń ṣe é, àkókò oúnjẹ. Edoh á ra koliko, á jókòó, á tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Kò lo aago. Ó ní sáfà tí ara rẹ̀ dá gbọ́dọ̀ dìde kí koliko tó tán. Nígbà tó yá, gbogbo ọ́fíìsì ń fi koliko wọn iṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ jáde á ní òun kò ní pẹ́ tó koliko kan. Àsìkò kan wà tí sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Koliko á tán, gílóòbù á ṣì dúdú. Edoh tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, ó ṣàyẹ̀wò ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀, ó fi ìdájí wá síṣẹ́, ó tilẹ̀ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe sáfà náà lókè òkun. Wọ́n bá a wá a títí. Kayissan ló wá rí i pé obìnrin oní-koliko ti ń gé iṣu kéré.

Edoh kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá obìnrin náà níbi tó ń dín in sí, ó sọ fún un pé àṣìṣe rẹ̀ ti dé òkè òkun.

Bí Edoh ṣe ń sọ̀rọ̀ sáfà dáadáa nígbà tí kò bá sí lọ́dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbè é nígbà tó bá ṣẹ̀. Sáfà máa ń kọ́ àwọn yàrá kéékèèké tirẹ̀ láti dán iṣẹ́ wò nínú wọn. Kó lè ráyè ṣe bẹ́ẹ̀, Edoh fún un ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé. Kayissan sọ fún un pé kọ́kọ́rọ́ náà ti pọ̀ jù. Edoh ní òun kọ́ ọmọ òun. Kò pẹ́ sígbà náà ni Tété, tí kò fẹ́ràn ìdọ̀tí, kọ àṣẹ kan sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé bí àyẹ̀wò bá ti parí, kí sáfà wó gbogbo yàrá tó bá wà nílẹ̀. Sáfà bẹ̀rẹ̀. Ó wó èyí, ó wó tọ̀hún, ó dé yàrá tí òun fúnra rẹ̀ wà.

Edoh bá gílóòbù ní dúdú. Ó ka ohun tí Tété kọ, ó tún un kà.

"Ó gbálẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà," ó wí, "ó sì gbá a." Ohùn rẹ̀ dà bíi ti bàbá tí olùkọ́ ń yin ọmọ rẹ̀.

"Fofo, mo sọ fún yín nípa kọ́kọ́rọ́ yẹn."

"O sọ fún mi. Àmọ́ ṣé o rí bó ṣe gbọ́ràn tó?"

Ọjọ́bọ̀ ni. Yao ló dìde, Edoh sì ní ẹni tó pa ti ìṣáájú láìtọ́jọ́ ló gbọ́dọ̀ gbé èyí jáde síta bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ tuntun jáde, kí wọ́n ta omi sí i lára díẹ̀ kó mọ ayé tó wá. Tété ní kò burú. Ó wá béèrè kọ̀ǹpútà ẹni tí wọ́n máa ta omi sí. Wọ́n ní tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Kayissan ṣàkíyèsí pé ẹnì kan ti gba kọ́kọ́rọ́ ńlá náà lọ́wọ́ sáfà, ó ti fún un ní kékeré.

Nígbà tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún tí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, Kayissan lọ wò ó ní Ọjọ́bọ̀. Ó bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù wà lọ́nà jíjìn ní igun yàrá, wáyà rẹ̀ nà tantan. Nọ́ọ̀sì ní àwọn ló gbé e síbẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí Bàbá yìí ti béèrè bóyá wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà wò rí, ọkàn òun kò balẹ̀.

Edoh ní kí Kayissan jókòó.

"Ọ̀la lọjọ́ Ẹtì."

"Mo mọ̀, Fofo."

"Ìwọ lo máa ṣe é."

"Ẹ máa dé wá ṣe é fúnra yín. A máa dúró dè yín."

"Kayi," ó wí, "ọmọ yẹn mọ kíkú dáadáa. Ìwọ ni kò mọ pípa."

Kayissan kò pa á ní ọjọ́ kejì. Wọ́n dúró dè é bó ṣe wí. Ọjọ́ Àìkú ni Edoh kú. Lẹ́yìn tí wọ́n ti Aného dé, bí ọjọ́ Ẹtì bá kò, Tété á ra koliko, á gbé e sórí tábìlì, Kayissan á tẹ ọ̀rọ̀ náà, á wò ó, á pa á rẹ́. Wọ́n á jẹ iṣu náà. Gílóòbù á wà ní àwọ̀ ewé látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ayélé bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń dá a dúró, ó ní òun kò fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa pa èyí tí Fofo gbé dìde kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí kejì jáde: bóyá ohun kan wà tí Edoh ń fi ọwọ́ ṣe, tí kò kọ sínú àṣẹ, tí sáfà kò sì ní dìde láìsí i.

Ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀ kò. Bàbá Amegee ti tẹ̀ sí i ju ti ìjọ́sí lọ. Wọ́n fún un ní àga, ó jókòó, ó wo ẹni tó wà níbi tí Edoh máa ń wà. Ayélé ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe. Bàbá ń mi orí. Nígbà tí ó tó àkókò ìbéèrè, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè sí gílóòbù, ó tún gbé e sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ mọ ohun tó wà lẹ́nu mi," ó wí. "Mi ò ní bi yín. Òkú ṣì tutù. Ẹ gbé ìwé wá, kí n fọwọ́ sí i."

Ayélé ti ṣí bírò. Tété mí kanlẹ̀. Gbogbo wọn ti ń rọ̀ lórí ìjókòó wọn nígbà tí Kayissan sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wá."

"Kò pọn dandan, ọmọ mi."

"Ọjọ́ Ẹtì la wà. Ẹ bi wá."

Ayélé wò ó. Ó lè dá a dúró, kò dá a dúró. Bàbá Amegee náà wò ó, ó wá fi ọ̀pá tọ́ka.

"Bó bá kú ńkọ́?"

Kayissan ní kí Tété gbé koliko wá. Ó ṣí ìwé náà síwájú. Ó tẹ ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ lọ́kàn, kò wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó tẹ bọ́tìnnì. Kofi tí Edoh gbé dìde lọ. Gílóòbù dúdú.

Ó tẹ àṣẹ kejì, ó mú iṣu kan. Kò tètè gbé e mì. Ó mú òmíràn. Àlejò kan fi ìka lu tábìlì, ó ṣíwọ́. Iṣu ń dín kù. Nígbà tó ku ẹyọ kan, gílóòbù tàn, ó pọ́n. Gbogbo wọn mọ̀ pé pupa ló máa ń kọ́kọ́ tàn, títí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké á fi rí ẹni tí wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n ó pọ́n, ó sì ń pọ́n lọ. Kayissan di iṣu tó kù mú, kò jẹ ẹ́. Epo ń kán sí i lọ́wọ́.

Tété na ìka sí ata inú ìwé, ó tọ́ ọ wò.

"Ata ló kéré," ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gílóòbù ṣẹ́jú, ó yí sí àwọ̀ ewé. Ìgbà náà ni ẹ̀rín wá bú jáde lẹ́nu gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, Ayélé rẹ́rìn-ín títí ó fi bo ojú, ó sì pẹ́ kó tó ṣí i.

"Kí lorúkọ rẹ̀?" Bàbá Amegee béèrè.

"Kofi, Bàbá. Kofi Ekoué."

Bàbá mi orí. Ó fọwọ́ síwèé, ó sì dá bírò padà, ṣùgbọ́n kò dìde.

"Àna tí mo bi í léèrè nípa ẹ̀ lọ́jọ́sí," ó wí, "òun náà ti kú. Lẹ́yìn Kérésì ni."

Wọ́n kí i kú àráfẹ́rakù.

"Mo rò pé ilé máa tù mí lára. Gbogbo ìgbà tá a fi mọra la fi jà. Báyìí, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ nílé, kò sẹ́ni tó ń sọ pé irọ́ ni mò ń pa." Ó fọwọ́ kan ìwé koliko náà. "Ṣé ẹnì kan ṣì máa jẹ eléyìí?"

Kayissan fún un ní ẹyọ tó kù. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní lóòótọ́ ni, ata kéré.

Wọ́n ti padà sídìí ti ọjọ́ Ẹtì báyìí. Obìnrin oní-koliko mọ iye tó máa gé. Bí ọ̀sán bá tó, Kayissan á tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, gílóòbù á kú, gbogbo wọn á máa jẹun. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ẹnì kan á pè láti fámásì kan ní àkókò yẹn gan-an, á ní àtúnṣe tí wọ́n ṣèlérí kò tíì dé, kí ló ń dá iṣẹ́ dúró. Tété ló máa ń gbé fóònù. Kì í sọ fún wọn pé sáfà ti kú. Á ní kí wọ́n má bínú, Ekoué ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde díẹ̀ ni, kò ní pẹ́ tó koliko kan, ó ń bọ̀.